Aṣọ Ara Ògiri

Ẹni tó bá ní òun fẹ́ fún mi ní nǹkan lọ́fẹ̀ẹ́, ọwọ́ rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ máa ń wò. Nígbà tí ọmọbìnrin mi sọ pé ẹgbẹ́ kan fẹ́ san owó yunifásítì òun títí tí òun fi máa gboyè, mo bi í pé kí ni wọ́n máa gbà. Ó ní wọn ò ní gba nǹkan kan. Mo ní bí ò bá nídìí, obìnrin kì í jẹ́ Kúmólú.

Kì í ṣe pé ẹgbẹ́ náà ò ṣiṣẹ́ o. Gbogbo Sátidé ni wọ́n fi ń kọ́ òun àtàwọn ọmọ tálákà míì ní ìṣirò, wọ́n sì ń fún wọn níwèé gbé lọ sílé. Ọmọ mi yege, yunifásítì gbà á. Ohun tó kù ni pé ẹnì kan máa wá wo ilé wa, bóyá tálákà ni wá lóòótọ́. Wọn ò sọ ọjọ́ tó máa wá. Ìyẹn gan-an ló bí mi nínú. Olè nìkan ni mo mọ̀ tí kì í sọ ọjọ́ tó ń bọ̀.

Ọjọ́ tí òjò ò dáwọ́ dúró ló wá. Obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, ó há fáìlì sábẹ́ apá, ojú rẹ̀ ń lọ, ó ń bọ̀. Kó tó jókòó ni mo ti sọ ọ́ ní Ojúlalákàn nínú mi.

Alágbàfọ̀ ni ọkọ mi. Ẹ̀yìnkùlé ló ti ń fọṣọ, àmọ́ inú yàrá kan ṣoṣo tí à ń gbé ló ń kó aṣọ oníbàárà sí, tí òjò bá wá ń rọ̀, gbogbo rẹ̀ ló máa ń kó wọlé. Kóòtù olówó ńlá wà lára ògiri, léèsì wà nídìí fèrèsé, aṣọ ìgbéyàwó funfun kan sì rọ̀ sórí okùn. Aṣọ tiwa wà nínú àpò lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Áyọ́ọ̀nù wà lọ́dọ̀ ẹni tó ń tún un ṣe, ọmọ mi ò sì kọ fún ẹgbẹ́ ju pé iṣẹ́ ọwọ́ ni bàbá òun ń ṣe, torí náà obìnrin náà ò lè mọ̀ pé alágbàfọ̀ ni.

Obìnrin náà fọwọ́ kan kóòtù, ó béèrè ẹni tó ni ín.

Ọkọ mi ní, "Ó wà lọ́wọ́ mi ni, mà."

"Ṣé tiyín ni?"

"Mo ní ó wà lọ́wọ́ mi."

Kò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, mo sì mọ ìdí rẹ̀. Lọ́dọ̀ àwọn tó kọ́ ọ níṣẹ́, èèwọ̀ ni kí alágbàfọ̀ sọ ẹni tó ni aṣọ, tàbí ẹni tí kò ni ín. Ẹni tó ń fọ aṣọ ẹ mọ ibi tó ti ya, ó mọ èyí tó o yá wọ̀, ó mọ̀ bóyá kóòtù kan ṣoṣo lo ní. Tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá lẹ́nu, kò ní ráṣọ fọ̀ mọ́. Èmi ì bá sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n bí obìnrin náà ṣe ń wo léèsì tó tún ń wò mí, inú mi dùn díẹ̀. Kò sẹ́ni tó wò mí bẹ́ẹ̀ rí. Mo na ọrùn, mo dákẹ́.

Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, wọ́n ránṣẹ́ sí ọmọ mi pé ilé tó kún fún aṣọ olówó iyebíye kì í ṣe ilé tálákà, àwọn máa fi àyè rẹ̀ fún ẹlòmíì. Kò sunkún. Ó sọ fún wọn pé alágbàfọ̀ ni bàbá òun, wọ́n ní kó mú ẹ̀rí wá, ló bá bẹ bàbá rẹ̀ pé kó dárúkọ oníbàárà kan péré. Bàbá rẹ̀ ní òun ò lè ṣe é. Inú bí mi débi pé mo fura sí òun náà, mo bi í bóyá obìnrin kan wà nínú àwọn oníbàárà náà tó ń bò láṣìírí. Ó ní kí n lọ wẹ̀ kí orí mi lè tutù.

Ọmọ yẹn ló ta ọgbọ́n. Ó lọ bá Ojúlalákàn ní ọ́fíìsì, ó bẹ̀ ẹ́ kó wá lọ́jọ́ tí àwọn aṣọ náà máa lọ, kó jókòó sínú yàrá, sẹ́yìn kọ́tìnnì ẹnu ọ̀nà. Kò ní rójú ẹnikẹ́ni, aṣọ tó ń lọ ló máa rí. Ọkọ mi rò ó títí, ó ní kò burú.

Èmi àti obìnrin náà jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì, a ò bára wa sọ̀rọ̀. Ó ń wò mí bí ẹni tó rò pé àwa àtàwọn aládùúgbò la jọ gbìmọ̀ rẹ̀. Èmi náà ń wo báàgì rẹ̀, mo ń rò ó pé ṣé ibẹ̀ ló ń kówó àwọn ọmọ tálákà sí. Wọ́n á kanlẹ̀kùn, ọkọ mi á ká aṣọ, á gbé e jáde. Léèsì lọ. Aṣọ ìgbéyàwó lọ. Nígbà tó kan kóòtù, ohùn ọkùnrin kan béèrè bóyá ibi tí wọ́n lẹ̀ lápá rẹ̀ ṣì ń hàn, torí òun fẹ́ lọ bá àwọn tó ń fún ẹgbẹ́ òun lówó ìrànwọ́ ṣèpàdé.

Ojúlalákàn fò dìde, ó tún jókòó. Ó fọwọ́ bo ẹnu.

Mo rọra bi í pé, "Ṣé ọ̀gá yín nìyẹn?"

Ó wolẹ̀. "N ò gbọ́ nǹkan kan, mà."

Ẹnu yà mí. Bí alágbàfọ̀ ló ṣe dáhùn. Ìgbà yẹn ni mo kọ́kọ́ rò pé bóyá èèyàn gidi ni.

Nígbà tí gbogbo rẹ̀ lọ tán, ọkọ mi ṣí kọ́tìnnì. Ìṣó ló kù lára ògiri, àti okùn lásán, àti àga tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti kán, àti ẹní tí ọmọ mi ń sùn lé tó sì ń kàwé lórí ẹ̀. Láti ọjọ́ tí mo ti relé ọkọ, n ò rí yàrá náà bẹ́ẹ̀ rí, torí aṣọ olówó kì í kúrò níbẹ̀ tán lẹ́ẹ̀kan náà. Ojú tì mí gan-an. Ó ń ṣe mí bíi kí n sáré gba léèsì yẹn padà.

Obìnrin náà ṣí fáìlì, ṣùgbọ́n kò kọ nǹkan kan. Ó ń wo ibòmíì, kó má bàa dójú tì mí. Ọmọ mi dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo bíírò ọwọ́ obìnrin náà.

"Ẹ kọ ọ́," ni mo wí. "Ẹ kọ ọ́ pé a ò ní nǹkan kan. Ẹ kọ ọ́ kó hàn dáadáa."

Láti ọjọ́ tí mo ti bí ọmọ náà, n ò jẹ́ kó gbọ́ gbólóhùn yẹn lẹ́nu mi rí. Ó wá jókòó tì mí, obìnrin náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́.