Obìnrin Tí Kò Mọ Igbe Ké

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín jẹ, ojú nìkan ló di bàìbàì, etí Bàbá Nehemiah Ọdúntán mú ju ti ajá ọdẹ lọ. Látìgbà tí kò ti lè kàwé mọ́ ló ti ń fi fóònù gbọ́ ọ. Á wọkọ̀ láti Òṣú lọ sí Old Garage ní Òṣogbo, àwọn tó ń kó orin fún èèyàn á kó ìwé sórí mẹ́mórì fún un pẹ̀lú ìwàásù. Ṣùgbọ́n òǹkàwé tí yóò tẹ́ ẹ lọ́rùn, wọn ò tíì bí i. Èyí ń sáré bí ẹni tí ìgbẹ́ ń gbọ̀n. Tọ̀hún ń fa ọ̀rọ̀ bí ẹni ń kéde òkú ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹlòmíràn, ìyá inú ìwé ò tíì kú, òun ti bú sẹ́kún.

"Wọn ò ní jẹ́ kéèyàn dá ẹkún ara rẹ̀ sun!" ni Bàbá máa ń wí. "Ta ló bẹ̀ wọ́n ní ọ̀wẹ̀ ẹkún?"

Ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín yàrá rẹ̀ àti ti Ọlágòkè, ọ̀dọ́kùnrin tó ń lẹ táyà, àti Ìwàlẹwà ìyàwó rẹ̀. Bàbá yìí kan náà ló ṣe alárinà wọn, òun ló lọ bẹ àwọn òbí ọmọ lábúlé kòkó wọn. Àṣé ọwọ́ Ọlágòkè kì í gbélé. Bínú bá ti bí i, àlùbami ni. Ìgbà kan tó gbá ìyàwó létí, ẹ̀jẹ̀ ló ń ti ibẹ̀ jáde. Ọjọ́ náà ni Bàbá pe Ìwàlẹwà.

"Tó bá tún fọwọ́ kàn ọ́, kígbe. Màá fi ọ̀pá gbá ògiri."

Bẹ́ẹ̀ náà ló sì ń rí. Tí ọ̀pá bá ti dún gbì lára ògiri, Ọlágòkè á jáwọ́, torí ojú alárinà ń tì í. Ọ̀pá yẹn ni ẹ̀mí ọmọ ọlọ́mọ gbára lé, kò sẹ́ni tí kò mọ̀ nínú ilé.

Ni Ọlágòkè bá wá yá mẹ́mórì ìwé kan lọ́wọ́ Bàbá, ìwé ọdẹ kan tó pa ìyàwó rẹ̀. Bàbá rò pé bóyá yóò kọ́ ọ lọ́gbọ́n.

"Gbọ́ ọ dáadáa," ó ní. "Obìnrin tó ń kà á ò mọ igbe ké. Ariwo rẹ̀ ti pọ̀ jù."

Ọ̀sán ọjọ́ kejì, òjò ń lu páànù kíkankíkan, ìwé náà sì ń dún gooro láti òdìkejì ògiri. Bàbá mọ ibi tó dé: ọdẹ ti há ìyàwó mọ́ igun ilé. Igbe bá sọ.

"Yéè! Ẹ gbà mí o! Ó ń pa mí o!"

Bàbá pòṣé. Igbe náà tún sọ, ó le ju ti àkọ́kọ́ lọ.

"Irọ́!" ni Bàbá pariwo sí ògiri. "Ẹni tí wọ́n ń pa kì í ké báyìí! Obìnrin yìí ò mọ igbe ké rárá!" Ó rẹ́rìn-ín, ó gbé ọ̀pá rẹ̀ tì.

Nígbà tó yá, òjò dá. Òǹkàwé ṣì ń kà á lọ ní tirẹ̀, ohùn rẹ̀ tutù, ó ń ròyìn bí ìrì ṣe sẹ̀ sórí ewé obì láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Ṣùgbọ́n lábẹ́ ohùn náà, ẹnìkan ń kérora. Ara Bàbá bù máṣọ. Ẹnu kan kì í ṣe iṣẹ́ méjì lẹ́ẹ̀kan náà.

"Mo gbé! Ìwàlẹwà!"

Kò wọ bàtà. Ó fa ọmọ odó yọ níwájú ilé, ó fi èjìká já ilẹ̀kùn wọlé. Ọlágòkè kúnlẹ̀ lé ìyàwó láyà, irin tó fi ń tú táyà ń bẹ lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ti ta sára ògiri. Bàbá ò ríran dáadáa, ibi tó ti gbọ́ mímí ọkùnrin náà ló fi ọmọ odó gbá. Egungun apá dún kà. Ọlágòkè ké, ó fi ọwọ́ kejì gbá Bàbá lẹ́nu, eyín méjì fò yọ. Bàbá tutọ́ ẹ̀jẹ̀ dànù, ó tún gbá a lórúnkún, ó ń gbá a lọ títí àwọn ará ilé fi gba ọmọ odó lọ́wọ́ rẹ̀. Fóònù Ọlágòkè ṣì ń kàwé lórí bẹ́ẹ̀dì. Bàbá gbé e, ó là á mọ́lẹ̀, ó sì fi gìgísẹ̀ tẹ̀ ẹ́ fọ́.

Ọlọ́pàá ló ni Ọlágòkè báyìí. Ìwàlẹwà wà lọ́sibítù ní Iléṣà, ojú kan ò ṣí mọ́, ẹnu sì wú. Bàbá jókòó tì í.

"Ọmọ mi, má bínú. Òjò yẹn ni. N ò gbọ́."

"Ẹ kúkú gbọ́, Bàbá." Díẹ̀díẹ̀ lọ̀rọ̀ ń jáde lẹ́nu rẹ̀. "Ó ti fẹ́ jáwọ́. Ó ń wo ògiri, ó ń retí ọ̀pá yín. Ìgbà tí ẹ ní n ò mọ igbe ké ló rẹ́rìn-ín, ló bá lọ mú irin."