Orí Ẹja Baba Akíndúró

Ẹni tó bá fẹ́ rí ìjà Baba Akíndúró ní Ugborikoko, ní Warri, kó fọwọ́ kan orí ẹja. Láti ilẹ̀ Ìlàjẹ ni wọ́n ti gbé àṣà náà wá: orí ẹja tó bá tóbi jù, olórí ilé ló ni ín, obìnrin kì í tọ́ ọ wò. Rebecca, ìyàwó ọmọ Baba, ti ń se orí ẹja láti ọdún mẹ́rìndínlógún, kò mọ bó ṣe ń dùn.

Lọ́dún tí à ń wí yìí, owó epo ti gba ìgboro Warri kan. Gbogbo ọkùnrin ló sá tẹ̀lé iṣẹ́ epo, ọkọ Rebecca náà kò gbẹ́yìn. Ẹja àrọ̀ ni Rebecca fẹ́ máa sìn ní tirẹ̀. Ìjọba yá a ní kòtò ẹja kan lẹ́yìn ilé, wọ́n sì rán Ọ̀gbẹ́ni Olúgbémi wá láti Ìbàdàn pé kó bá a mú kí àrọ̀ yé níbẹ̀. Ìgbà mẹ́ta péré ni wọ́n ní kí wọ́n fi dán an wò. Bí kò bá bọ́ sí i, wọn yóò fi yẹ̀pẹ̀ dí kòtò náà, kí ọkọ̀ akẹ́rù àwọn elépo máa ríbi sùn.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni Olúgbémi ti ra ẹja lọ́jà Okere, tó la orí wọn, tó yọ kókó kékeré kan lábẹ́ ọpọlọ, tó lọ̀ ọ́, tó fi gún abo àrọ̀ lábẹ́rẹ́. Ẹ̀ẹ̀mejèèjì ni abo náà kàn ń wò wọ́n.

“Ọ̀gá, kí ni kókó yẹn tiẹ̀ ń ṣe gan-an?” ni Rebecca bi í.

“Ìyá Yínká, òun ló ń pàṣẹ pé kí ẹja yé. Ọpọlọ ló máa kọ́kọ́ ránṣẹ́ sí i, àwọn kan sì wà lára rẹ̀ tó ń gba iṣẹ́ náà, bí adènà. Nígbà míì, ara ẹja á ti kọ lẹ́tà pé kí wọ́n ṣe àwọn adènà yìí, àmọ́ á jókòó lé lẹ́tà náà. Kò ní jẹ́ kó ṣiṣẹ́ títí àsìkò á fi tó.”

Rebecca bú sẹ́rìn-ín. “Bíi fáìlì ọ́fíìsì yín gẹ́lẹ́! Ọ̀gá, inú àgbá ni wọ́n ń kó ẹja Okere sí. Ta ló máa ronú ọmọ nínú àgbá? Ẹ jẹ́ ká dúró de èyí tó bá omi òjò gòkè.”

Òjò àkọ́rọ̀ ńlá rọ̀ lọ́jọ́ Ajé. Nígbà tó fi máa di ìrọ̀lẹ́, abo àrọ̀ méjì wà nínú ìgèrè Rebecca, ikùn wọn rọ̀, ó sì yọ jáde. Èyí tó tóbi jù ni wọ́n fẹ́ là lórí. Bí Olúgbémi ṣe yọ ọ̀bẹ ni Baba dìde lórí àga rẹ̀.

“Wetin una wan do? Na my own head be dat o!”

Rebecca kúnlẹ̀. “Baba, ohun tá a fẹ́ nínú rẹ̀ kò tó hóró ìrẹsì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí wọ́n dí kòtò mi.”

Baba padà jókòó. Láti ọjọ́ tí Rebecca ti wọlé ọkọ, kò tọrọ nǹkan kan rí lọ́wọ́ rẹ̀.

“Ẹ yọ ọ́. Ṣùgbọ́n kí orí mi padà wálé.”

Wọ́n gún abo kejì lábẹ́rẹ́. Nígbà tílẹ̀ mọ́, Rebecca rọra fọwọ́ tẹ ikùn rẹ̀, ẹyin sì ń ya wọ inú abọ́ bí ọkà bàbà. Wọ́n da omi àtọ̀ akọ àrọ̀ sí i, wọ́n gbé e sínú omi tó mọ́. Lọ́jọ́ kejì, ọmọ ẹja kún ibẹ̀, wọ́n ń jà wìtìwìtì. Rebecca pariwo títí àwọn ará àdúgbò fi sáré dé.

“Wetin happen?”

“My fish don born! Ẹ wá wò ó! My fish don born!”

Àwọn ará ọ́fíìsì ìjọba wá, wọ́n rí i, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé kí kòtò wà bó ṣe wà. Inú Rebecca dùn débi pé ó dì mọ́ ìyàwó aládùúgbò tí wọn kì í kí ara wọn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ó gbé orí ẹja tó ti yan sílẹ̀ fún Baba, nínú ọbẹ̀ ata gbígbóná. Baba wo abọ́, ó wo kòtò, ó wá ti abọ́ náà sí Rebecca.

“Jókòó. Jẹ ẹ́.”

“Baba, olórí ilé ló ni orí ẹja.”

“Ṣé mo ní kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni? Jẹ ẹ́.”

Rebecca jókòó. Ó fa ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹja náà ya, ó fi sẹ́nu. Omi lé sójú rẹ̀, kì í sì í ṣe ata ló fà á. Baba ń wò ó, ó ń gbé itọ́ mì.

“Ṣé ó dùn?”

Ẹnu Rebecca kún, ó kàn mi orí ni.

“Ó dáa,” ni Baba wí. “Ṣùgbọ́n fi ojú kan sílẹ̀ fún mi o.”