Ojú-Ìwé Mẹ́rin Lẹ́nu Ilẹ̀kùn

Òǹkọ̀wé ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà ò dénú. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, tó ń darí eré orí rédíò, ti sọ ìwé rẹ̀ di eré. Inú òǹkọ̀wé ń dùn bọ̀ látilé wá sí yàrá ìgbohùnsílẹ̀, àfi ìgbà tó ka ìlà àkọ́kọ́ eré náà.

"Ojú-ìwé mẹ́rin ni ọkùnrin yìí fi dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn nínú ìwé mi. Ọdún méje ló ti sá kúrò nílé! Ìwọ wá kọ ọ́ síbí pé, 'Ó kan ilẹ̀kùn.' Ó parí náà nìyẹn?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹni tó ń kàwé lè pa á dé, kó lọ mumi, kó padà wá. Ẹni tó ń gbọ́ rédíò ńkọ́? Tó bá ti sú u, ó ti yí i sórí bọ́ọ̀lù nìyẹn. Ọ̀rọ̀ púpọ̀ ò kún agbọ̀n."

"Tèmi kún un, àwọn èèyàn sì rà á lọ sílé. Gbé ẹ̀rọ yẹn wá, n ó kà á bó ṣe wà."

Àbúrò gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn síwájú rẹ̀. Òǹkọ̀wé ka ti bàtà ọkùnrin náà, ó ka ti ọ̀dà tó ń ṣí lára ilẹ̀kùn, ó ka ti òdòdó tó ti kú sínú ìkòkò. Nígbà tó dé ojú-ìwé kẹta, bàbá agbohùnsílẹ̀ tó jókòó lẹ́yìn gíláàsì nawọ́ sókè bí ọmọ iléèwé.

"Ẹ má bínú o, mà. Ṣé ó ti wọlé ni, àbí mo sùn lọ?"

Obìnrin tó fẹ́ ṣe ìyàwó nínú eré náà yára fi bébà bojú. Èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n fún ẹ̀rín. Òǹkọ̀wé wò wọ́n yíká, òun náà bú sẹ́rìn-ín.

"Ó dáa. Ẹ kan ilẹ̀kùn yín, ká gbọ́."

Bàbá agbohùnsílẹ̀ jáde wá, ó lu pákó: kò, kò, kò!

"Rárá o! Ọlọ́pàá nìyẹn, kì í ṣe ọkọ. Ẹni tó jẹ̀bi kì í kanlẹ̀kùn báyẹn."

Òǹkọ̀wé dìde fúnra rẹ̀. Ó wọ́ bàtà nílẹ̀ síwájú, ó wọ́ ọ padà sẹ́yìn. Ó fi ìka kan ṣoṣo kan pákó náà lẹ́ẹ̀kan, ó dúró, ó mí kanlẹ̀. Lẹ́yìn náà ló tún kàn án, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n má gbọ́.

Ìyàwó inú eré gbàgbé pé ìdánrawò ni wọ́n ń ṣe. "Ta nìyẹn?" ló béèrè.

"Ojú-ìwé mẹ́rin yín rèé, ẹ̀gbọ́n mi," ni àbúrò wí.

"Dákẹ́ jàre. Mẹ́ta ààbọ̀ ni."

Lọ́jọ́ tí eré náà jáde, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò jókòó ti ìyá wọn ní pálọ̀, rédíò wà lórí tábìlì. Bí ìka náà ṣe kan ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀kejì, màmá fa ọ̀pá rẹ̀ mọ́ra, ó dìde.

"Màmá, níbo lẹ ń lọ?"

"Ẹ̀yin ò gbọ́ ni? Ẹnì kan wà níta, ojú ń tì í."