Ẹ̀rọ Oníṣẹ́ Mẹ́ta

"Èyí ni," Gàníyù wí. Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ẹ̀rọ ńlá náà bí ẹni tó ń fọwọ́ pa ẹṣin lọ́rùn. "Irin tó bá wúwo kì í gbọ̀n."

Òun àti Marufat, ọmọ rẹ̀ obìnrin, ni wọ́n jọ wá ra ẹ̀rọ. Láti àárọ̀ tí wọ́n ti kúrò ní Ọ̀yọ́ ni ọyẹ́ ti bo ọ̀nà, tó fi jẹ́ pé díẹ̀díẹ̀ ni Ògbómọ̀ṣọ́ ń yọ sí wọn, bí ìlú ojú àlá. Nínú ṣọ́ọ̀bù Gabriel, tó ń ta àlòkù ẹ̀rọ nítòsí oríta Takie, eruku ń léfòó nínú ìtànṣán oòrùn, òórùn ọ́ìlì sì gba gbogbo afẹ́fẹ́.

Ó lé ní ogún ọdún tí Gàníyù fi ṣiṣẹ́ irin fún ọ̀gá kan. Gàníyù fúnra rẹ̀ ló kọ́ Marufat níṣẹ́ náà. Ṣùgbọ́n ọdún kejì rèé tí ojú Gàníyù ti ń ṣe bàìbàì, wọ́n sì fẹ́ máa ṣiṣẹ́ nílé, nínú yàrá kékeré tó wà lẹ́yìnkùlé.

Ẹ̀rọ kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ni Marufat ń wò. Iṣẹ́ mẹ́ta ni òun nìkan ń ṣe: ó ń yí irin kí ọ̀bẹ fá a, ó ń dá ihò sí i, ó sì ń gbẹ́ ojú rẹ̀ kó tẹ́jú.

"Bàbá, èyí á gba inú yàrá wa. Iná ilé wa á sì gbé e."

"Ohun tó ń ṣiṣẹ́ mẹ́ta, èwo ló ń ṣe yanjú níbẹ̀?"

Gabriel, tó ti tún ẹ̀rọ ṣe títí ó fi fẹ̀yìn tì nílé ìwòsàn àwọn Onítẹ̀bọmi, rẹ́rìn-ín. "Ẹ jẹ́ kó dán an wò, sà."

Marufat de irin kan mọ́ ẹnu ẹ̀rọ náà, ó rọra ń ti ọ̀bẹ síwájú. Ohùn kan jáde jẹ́jẹ́, bí oyin tó ń kùn nínú ihò igi. Irin ń bó, ó ń ká wérewère bí irun ọmọ tuntun. Marufat gbàgbé pé ẹnikẹ́ni wà níbẹ̀. Ó ti wà nílé lọ́kàn rẹ̀, tí ó ń fá ọ̀pá ẹ̀rọ ìlọta fún àwọn ará ọjà Akẹ̀sán l'Ọ́yọ̀ọ́.

Nígbà tó pa ẹ̀rọ náà, ó fi irin náà lé baba rẹ̀ lọ́wọ́. Gàníyù fi èékánná wọ́ ọ.

"Ó dán. Àmọ́ ti ẹ̀rọ ńlá á dán jù báyìí lọ."

"Òótọ́ ni, Bàbá. Ẹ wá di ọwọ́ èyí mú ná."

Gàníyù dì í mú. Ó ní láti tẹ̀ ba kí ọwọ́ rẹ̀ tó tó o.

"Ó kúrú fún mi."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá. Àmọ́ ó bá ìdúró tèmi mu," Marufat dáhùn kẹ́lẹ́.

Gàníyù nàró, ó fọwọ́ nu ojú rẹ̀ tó ti ń ṣe bàìbàì.

"Apá òsì ni fèrèsé yàrá yẹn wà téèyàn bá wọlé, àbí?" ó bèèrè.

"Apá òsì ni lóòótọ́."

"Ibẹ̀ ni kó o gbé e sí, kí ìmọ́lẹ̀ lè máa bọ́ sí ọ lọ́wọ́. Kó o sì bá mi fi àpótí ìjókòó kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí ọ̀bẹ bá ti ń kújú, etí mi á tètè gbọ́."