Kíláàsì Tí Ìbò Mú fún Mojí

Ìbò ni Láwùmí ṣẹ́ fún àwọn ọmọ Praimárì Síìsì tó ń kọ́ nílé ìwé kan lọ́nà Olúyọ̀lé. Ó ká bébà kékeré-kékeré sínú ike, kálukú mú tirẹ̀ láti mọ èwo nínú kíláàsì mẹ́ta ló máa wà. Kíláàsì kan á máa fi òkúta wẹ́wẹ́ kọ́ ìṣirò, ìkejì á jókòó ní mẹ́rin-mẹ́rin, wọn á jọ máa yanjú rẹ̀, ìkẹta á máa ké e tẹ̀lé tíṣà bí a ti ń ṣe láti ọjọ́ tí aláyé ti dáyé. Iṣẹ́ ìwádìí tó fẹ́ fi gboyè Másítà lọ́dún 1985 nìyẹn. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá ìyàtọ̀ tó wà láàárín kíláàsì mẹ́ta yìí ju èyí tó wà láàárín àwọn ọmọ kíláàsì kan náà lọ. Bó bá jù ú lọ dáadáa, ọ̀nà ìkọ́ni ló fà á, kì í ṣe orí ọmọ.

Mojí, ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, mú ìkẹta.

Jẹ́jẹ́lọlá, ìyá ọmọ náà, fi máṣíìnì ìránṣọ rẹ̀ sílẹ̀ ní Ṣálẹ́ńjì, ó wá bá a.

"Láwùmí, o mọ̀ pé ìṣirò ni ìṣòro ọmọ yìí, kọ́mọ̀n ẹ́ńtíráǹsì sì ń bọ̀. Jọ̀ọ́, gbé e sọ́dọ̀ àwọn olókùúta."

"Ẹ má bínú, Ẹ̀gbọ́n mi. Bí mo bá fọwọ́ kan ẹnì kan ṣoṣo, gbogbo ẹ̀ ló bàjẹ́. Tí mo bá ti parí, èmi fúnra mi á kọ́ ọ nílé."

Àbí ẹ ò rí nǹkan? Òdodo dára, àmọ́ ti Láwùmí ti pọ̀ jù. Kò tilẹ̀ jẹ́ kí ọmọ náà fi òkúta ka nǹkan nílé ní gbogbo táàmù yẹn, kí iṣẹ́ má bàa dàrú. Ṣùgbọ́n kọ́mọ̀n ẹ́ńtíráǹsì, ìdánwò àtiwọ sẹ́kọ́ńdírì, kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Ọ̀sẹ̀ tí iṣẹ́ parí gan-an ló bọ́ sí. Mojí fìdí rẹmi, omi ti tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu.

Ní yàrá rẹ̀ l'Agbowó, Láwùmí ṣírò máàkì ìdánwò tó fún gbogbo wọn nígbà tí iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀ parí. Àwọn olókùúta fi kíláàsì ìkẹta sílẹ̀ jìnnà réré. Máàkì Mojí wà níbẹ̀, mẹ́sàn-án nínú ogójì, ó wà lára ohun tó jẹ́ kí ìyàtọ̀ náà tóbi. Nígbà tí Dókítà Àlàó, olùkọ́ tó ń tọ́ ọ sọ́nà ní yunifásítì, rí i, ó bọ̀ ọ́ lọ́wọ́.

"Beautiful result! O ṣeun gan-an."

Ó dun Láwùmí wọ eegun.

Nígbà tó dé Ṣálẹ́ńjì, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ò bá a jà, ìbá sì sàn kó bá a jà. Mojí ti di ọmọṣẹ́ ìyá rẹ̀, ó ń rán bọ́tìnnì mọ́ búláòsì oníbàárà. Ó kúnlẹ̀.

"Ẹ káàbọ̀, Àǹtí. Ṣé iṣẹ́ yín yọrí sí rere?"

"Ó yọrí sí rere, Mojí."

"Ẹ kú oríire, mà. Mo ti ń bẹ Ọlọ́run pé kí tiyín má bàjẹ́ bíi tèmi."

Láwùmí jókòó sórí àga oníbàárà, ó bú sẹ́kún.