Lìǹkì Ohùn Ìyá

Láyé ìgbà tí wọ́n ń fẹ ọ̀nà ẹ̀spírẹ́ẹ̀sì láti Lẹ́kí lọ sí Ẹ̀pẹ́, tí eruku pupa ń bà lórí ewé àgbọn bí ẹni pé ìpẹ́ ẹja ni wọ́n dà sí i, ni abúlé Ìdí-Àgbọn tú ká. Abúlé apẹja ni, kò jìnnà sí Ẹlẹ́kọ. Àwọn kan ta ilẹ̀ wọn, wọ́n sì kọjá sí Ẹ̀pẹ́. Àwọn mìíràn bá ọmọ lọ. Akíndàmọ́lá lọ mú ìyá rẹ̀, Ṣùkúrátù, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Ìyá Ṣùkúrátù, wá sí ilé oníyàrá méjì tó ń gbé ní Ṣàngótẹ̀dó.

Ìyá yìí kì í ṣe ènìyàn kékeré níbi tó ti ń bọ̀. Tí ẹnikẹ́ni bá kú nínú ìdílé wọn, wọn kì í dédé gbé e jáde nílé. Obìnrin tó dàgbà jù nínú ilé yóò dúró lẹ́nu ọ̀nà, yóò fọwọ́ lé férémù ilẹ̀kùn, yóò wá fi oríkì ìdílé kí òkú náà, yóò sì máa ka àwọn tó ti lọ ṣáájú, kí wọ́n lè mọ ọmọ ẹni tó ń bọ̀ lọ́dọ̀ wọn. Alfa yóò dúró lójú pópó, kò ní sọ nǹkan kan. Ìyá Ṣùkúrátù ló kí ọkọ rẹ̀ jáde. Òun ló kí àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó ń gbọn erùpẹ̀ kúrò lára ẹní.

"Dàmọ́lá, ta ni yóò kí èmi jáde?"

"Ẹ jọ̀ọ́, Màámi, ẹ má sọ irú ẹ̀."

"Kí n má sọ ọ́ ṣe kí ni? Ṣé o rò pé mo fẹ́ di òpó iná ẹ̀spírẹ́ẹ̀sì ni, tí yóò kàn dúró síbẹ̀ títí ayé?"

Hameedah, ọmọ Ìyá obìnrin tó ń ta aṣọ ọmọdé lọ́jà, bú sẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò pẹ́ lẹ́nu rẹ̀. Òun ló yẹ kó kọ́ oríkì náà.

"Màámi, mo ti gbìyànjú. Tí mo bá ti dé ibi àwọn ará etí òkun, gbogbo ẹ̀ á dàrú mọ́ mi lórí."

"Orúkọ gbogbo àwọn tó ń ṣe fíìmù kò dàrú mọ́ ọ lórí rí."

Ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn Akíndàmọ́lá. Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ló ń ṣe nínú ṣọ́ọ̀bù kékeré kan lẹ́bàá ọjà. Ó ń tẹ ìwé fún àwọn tó ń wáṣẹ́, ó ń ṣe ìwé ètò ìsìnkú. Ó ní òun yóò gba ohùn ìyá òun sílẹ̀, kí ìyá fẹnu ara rẹ̀ kí ara rẹ̀. Tí ọjọ́ náà bá dé, àwọn yóò kàn tẹ̀ ẹ́ ni. Ìyá gbà. Nígbà tó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, ńṣe ló ń pariwo sí fóònù bí ẹni tó ń pe ọkọ̀ láti èbúté.

"Ó ti ń gbọ́ yín, Màámi, ẹ rọra."

"Ṣé kò ní gbàgbé?"

"Fóònù kì í gbàgbé."

Ó kó ohùn náà sínú láptọ́ọ̀pù rẹ̀, ó sì ṣe ìwé ìdílé kan tó rẹwà. Ó fi lìǹkì sí i káàkiri, àwọn ọ̀rọ̀ aláwọ̀ búlúù tó ní ìlà nísàlẹ̀. Tí èèyàn bá tẹ orúkọ bàbá àgbà, ìwé náà á fò lọ sí ojú ewé tí ìtàn bàbá wà. Tó bá tẹ Ẹlẹ́kọ, íńtánẹ́ẹ̀tì á ṣí, àwòrán ilẹ̀ etí òkun á yọ. Tó bá wá tẹ "Ohùn Ìyá", Ìyá Ṣùkúrátù á bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀rọ̀.

Ìyá náà tẹ̀ ẹ́ fúnra rẹ̀, ó gbọ́ ara rẹ̀, ó fọwọ́ bo ẹnu.

"Inú ìwé yìí ni mo wà?"

"Inú ẹ̀ ni, Màámi."

Kò sí nínú rẹ̀. Ojú ewé bàbá àgbà wà nínú ìwé lóòótọ́, ibi tí ìwé bá lọ ló máa bá a lọ. Ṣùgbọ́n inú àpò mìíràn nínú láptọ́ọ̀pù ni ohùn wà, lìǹkì kàn ń júwe ọ̀nà ibẹ̀ ni, bí ẹni tó dúró ní oríta tó ń nawọ́ sí ilé onílé. Akíndàmọ́lá mọ èyí. Ó máa ń kìlọ̀ rẹ̀ fún àwọn oníbàárà. Àmọ́ ìgbàkígbà tó bá tẹ̀ ẹ́ lórí láptọ́ọ̀pù tirẹ̀, ohùn ń jáde, ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀. Ó da ìwé náà sórí fláàṣì fún Hameedah, ó fi ránṣẹ́ sí àwọn ará Ẹ̀pẹ́. Nígbà tí fóònù rẹ̀ kún, ó pa ohùn inú rẹ̀ rẹ́.

Òjò oṣù keje dé. Omi kò rí ibi gbà nítorí iyanrìn tó dí gọ́tà, ó wọ ṣọ́ọ̀bù, ó bo láptọ́ọ̀pù mọ́lẹ̀. Ẹni tó ń tún un ṣe ní kò sí ohun tí òun lè yọ nínú rẹ̀ mọ́. Akíndàmọ́lá ra òmíràn, ó gba fláàṣì lọ́wọ́ Hameedah, ó ṣí ìwé ìdílé, ó rí gbogbo ọ̀rọ̀ búlúù ní ipò wọn, ó sì dúpẹ́. Kò tẹ ọ̀kankan.

Ìyá Ṣùkúrátù kú kí ọdún tó parí, ní òwúrọ̀, bí ẹni tó sùn gbàgbé. Wọ́n wẹ̀ ẹ́, wọ́n fi aṣọ funfun wé e. Bàbá Kàsímù, àbúrò ọkọ rẹ̀, ní kí wọ́n gbé ẹ̀rọ wá sẹ́nu ọ̀nà. Akíndàmọ́lá tẹ "Ohùn Ìyá".

Ẹ̀rọ kọ̀wé sójú: kò rí fáìlì náà. Ó kọ orúkọ àpò tó ń wá síbẹ̀, àpò inú láptọ́ọ̀pù tí omi ti mu.

"Tẹ̀ ẹ́ dáadáa," Hameedah ní.

"Mo tẹ̀ ẹ́."

"Ṣé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni kò sí?" Bàbá Kàsímù béèrè.

"Kì í ṣe nẹ́tíwọ́ọ̀kì, Bàbá."

"Pe àwọn ará Ẹ̀pẹ́. Ìwé náà wà lọ́wọ́ wọn."

"Bàbá, bákan náà ni gbogbo ẹ̀. Ọ̀nà ni mo fún wọn. N kò fún wọn ní ohùn."

Hameedah dìde. Ó fọwọ́ lé férémù ilẹ̀kùn bó ṣe rí i tí ìyá rẹ̀ ń ṣe. "Àwẹ̀ró," ó fi oríkì ìyá rẹ̀ pè é, "ọmọ a-fàjẹ̀-júwe-ilé. Ọmọ olómi méjì tí kò da ara wọn láàmú. Ọmọ..." Ó dúró. Ó tún bẹ̀rẹ̀ láti Àwẹ̀ró, ó tún dúró síbi kan náà. Ibi àwọn ará etí òkun ni. Ó fi orí ti ilẹ̀kùn, ó ń sunkún.

Àwọn obìnrin Ìdí-Àgbọn tí wọn ì bá gbà á lẹ́nu rẹ̀ ti tú ká. Ọ̀nà jìn, kò sì sí ẹni tó lè dé kí wọ́n tó sin ín. Lójú pópó, alfa wúkọ́. "Ẹ jọ̀ọ́ o, ẹ jẹ́ ká máa lọ."

Àwọn ọkùnrin bẹ̀rẹ̀, wọ́n gbé e. Bí wọ́n ṣe fẹ́ kọjá, Akíndàmọ́lá dábùú ẹnu ọ̀nà. Kò ní oríkì lẹ́nu.

"Ṣùkúrátù ni o," ó ní, ó ń sọ ọ́ sókè bí ẹni tó ń bá àwọn tó wà lókèèrè sọ̀rọ̀. "Ará Ìdí-Àgbọn ni. Ìyá wa ni."

Ó ń wá èyí tó kù. Nígbà tí wọ́n rí i pé kò sí, Bàbá Kàsímù fà á lápá sí ẹ̀gbẹ́ kan, wọ́n sì gbé ìyá rẹ̀ kọjá.