Téèpù Aránṣọ àti Oògùn Ẹ̀gbọ́n

Ọjọ́ pẹ́ tí aṣọ dúdú nìkan ni aránṣọ kan ń wọ̀, nítorí ẹ̀jẹ̀ nǹkan oṣù rẹ̀ ń ya bí omi òjò. Oògùn họ́mónù tí dókítà fún un ló dá a dúró.

Ni àbúrò rẹ̀ bá dé. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ bù fún mi níbẹ̀, tèmi náà ń dà."

Aránṣọ na téèpù sókè. "Ṣé mo máa ń gé aṣọ ẹni tí n kò wọ̀n ni? Ẹ̀jẹ̀ tó dì sí ẹsẹ̀ rẹ lọ́jọ́sí ńkọ́? Dókítà bi mí bóyá irú ẹ̀ ti ṣe mí rí kó tó fún mi, torí oògùn yìí lè tún mú ẹ̀jẹ̀ dì. Ó yá, dìde, ká lọ bá dókítà!"

"Ẹ má fi téèpù nà mí o!"

Dókítà ní ọpẹ́lọpẹ́ ẹ̀gbọ́n. Ó fún àbúrò ní ìtọ́jú tó bá ara tirẹ̀ mu.

Nígbà tó yá, tẹ̀gbọ́n tàbúrò wọ funfun báláú, wọ́n ń kọrin, wọ́n ń jó yí ẹ̀rọ ìránṣọ ká.